Ta ni ká kà, ta ni ká fò? Ìdáhùn fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kan lórí òwò eré ìdárayá ní Àkúrẹ́

Obìnrin kan tó ń rán jẹ́sì ní Ìsìnkàn, tó tún jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi eré ìdárayá jẹun ní Àkúrẹ́, ló kọ̀wé sí mi. Àwọn onífíúìn sẹ́ńtà, ìyẹn ilé tí èèyàn ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, wà nínú ẹgbẹ́ wọn, àwọn tó ń fi pápá háyà wà níbẹ̀, àwọn kóòṣì tó ń kọ́ ọmọdé ní bọ́ọ̀lù, àwọn onijíìmù, àtàwọn tó ń ta búùtù òkìrìkà. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba yá àwọn lówó, kí wọ́n sì bá àwọn wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ iná. Òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá sọ pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe, àfi tí wọ́n bá lè mú iye tí wọ́n ń fi kún ọrọ̀ ajé ìlú wá lákọsílẹ̀. Ni wọ́n bá mú ìwé, wọ́n ń yí àdúgbò ká, wọ́n ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀: àwọn kan ní kí wọ́n ka ilé tẹ́tẹ́ mọ́ ọn kí iye lè pọ̀, àwọn kan ní ó tì o. Ohun tí akọ̀wé bi mí rèé: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn wo gan-an ni ká kà? Báwo la ṣe máa mọ iye tí à ń fi kún un? Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni pé à ń fi nǹkan kún un?"

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá ẹgbẹ́. Ìbéèrè kẹta yẹn ni mo kí yín fún, torí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í bi í. Wọ́n á kàn ka ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kọ iye rẹ̀ gàdàgbà sójú ìwé, wọ́n á gbé e lọ sí Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà. Iye ṣọ́ọ̀bù kò sọ nǹkan púpọ̀ fún ẹni tó mọ̀ nípa owó. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa bi yín ni pé: kí ló wà ní Àkúrẹ́ lónìí tí kì bá tí sí ká ní kò sí yín? Orí ìbéèrè yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ìjà ilé tẹ́tẹ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìlànà kan tí àwọn oníṣirò fi ń pín iṣẹ́ sí ìsọ̀rí, ISIC ni wọ́n ń pè é. Nínú ẹ̀dà kẹrin rẹ̀, eré ìdárayá wà ní ìsọ̀rí 93, tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì wà ní 92. Wọn kò sí nínú yàrá kan náà. Àmọ́ kí ẹ tó pariwo ayọ̀, ẹ gbọ́ ìyókù: jẹ́sì rírán wà lábẹ́ iṣẹ́ aṣọ ṣíṣe, búùtù àti bọ́ọ̀lù títà wà lábẹ́ ọjà títà, kíkọ́ ọmọdé ní eré ìdárayá wà lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Tí a bá ní ìsọ̀rí 93 nìkan la máa kà, ìdajì ẹgbẹ́ yín ti pòórá nìyẹn, ẹ̀yin akọ̀wé fúnra yín sì wà lára àwọn tó pòórá.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Yúróòpù, ní 2007, wọ́n jókòó lé e lórí, wọ́n sì fẹnu kò sí ìlànà kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Vilnius ní Lithuania pè. Wọ́n ní ojú mẹ́ta la lè fi wo eré ìdárayá. Èkíní ni eré gan-an: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, pápá, ìdíje. Ìkejì kó gbogbo ohun tí eré kò lè ṣe láìsí mọ́ èkíní: jẹ́sì, búùtù, kóòṣì, ẹni tó ń gé koríko. Ìkẹta kó àwọn tí kò lè rí nǹkan tà bí kò bá sí eré mọ́ ọn, irú bíi tẹlifíṣọ̀n àti òtẹ́ẹ̀lì tí àlejò sùn sí. Nígbà tí wọ́n fi ojú kẹta yẹn wo ọdún 2012, wọ́n rí i pé eré ìdárayá kó ìdá 2.12 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ọrọ̀ ajé wọn, nǹkan bíi bílíọ̀nù 280 yúrò, àwọn tó ń ti ibẹ̀ jẹun sì lé ní mílíọ̀nù márùn-ún àbọ̀. Ẹ má ṣe gbé ìdá 2.12 yìí wá sí Àkúrẹ́ o. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń mú iye tí wọ́n rí ní Yúróòpù, wọ́n á fi ṣe ìlọ́po owó ìpínlẹ̀ wa, wọ́n á ní iye tí eré ìdárayá ń pa wọlé nìyẹn. Irọ́ tó wọ aṣọ òótọ́ ni.

Tiyín, ẹ ya ojú ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀. Kí àwọn pápá, kóòṣì, jíìmù, jẹ́sì àti búùtù wà ní ojú ìwé kìíní. Kí fíúìn sẹ́ńtà wà ní ìkejì, torí pé ọjà wọn ni kí èèyàn wo eré tí wọ́n ń gbá níbòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ilé tẹ́tẹ́, kí ó dá dúró ní ìkẹta, kí ẹ má sì rò ó mọ́ ìyókù. Mo ní ìdí mìíràn yàtọ̀ sí ti ISIC. Owó tí ọmọkùnrin kan ní Òkè-Àró fi ta tẹ́tẹ́ kì í dúró ní Òkè-Àró. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń gba lààdá tirẹ̀, ìyókù gba orí fóònù lọ sí olú iléeṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló máa mọ iye ilé tẹ́tẹ́ tó gbàṣẹ. Kí lẹ wá ń fi ẹsẹ̀ yín rìn kiri kà á sí?

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta tẹ́tẹ́. Baumol, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà kan, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kò síbi tí ọgbọ́n òwò kì í sí. Ibi tí ìlànà ìlú darí ọgbọ́n náà sí ló máa sọ bóyá ìlú á lówó sí i tàbí owó á kàn máa ti àpò kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó kan iye. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Ọ̀pọ̀ máa ń kọ iye tí wọ́n tà, wọ́n á ní òun ni wọ́n fi kún ọrọ̀ ajé. Rárá. Ohun tí àwọn oníṣirò ń wá ni iye tí ẹ tà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo ohun tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíì láti fi ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká fi fíúìn sẹ́ńtà kan ṣe àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ àwọn iye yìí kí ìṣirò lè yé wa, mi ò mú wọn lọ́dọ̀ ẹnì kankan. Ká ní ₦600,000 ló wọlé lóṣù kan, láti orí owó ẹnu ọ̀nà àti ìjókòó. DStv gba ₦50,000. Epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦190,000. Owó ilé jẹ́ ₦40,000, àtúnṣe jẹ́ ₦20,000. Àpapọ̀ ohun tí ó rà jẹ́ ₦300,000. Ó wá ku ₦300,000: iye tí ilé náà fi kún ọrọ̀ ajé ìlú lóṣù yẹn nìyẹn. Nínú rẹ̀ ni yóò ti san ₦80,000 fún àwọn ọmọ méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, yóò san ₦10,000 fún àwọn agbowó ìjọba, ₦210,000 yóò sì kù fún òun alára. Ẹ kíyè sí i pé owó oṣù àwọn ọmọ yẹn kò sí lára ohun tí a yọ. Àwọn ará ìlú náà ni wọ́n, owó wọn jẹ́ ara àfikún.

Ó wá di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, jálá epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ di nǹkan bíi ₦500. Ká tiẹ̀ ṣe é ní ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn, ká ní epo di ìlọ́po méjì péré nínú àpẹẹrẹ wa: ₦190,000 di ₦380,000. Àwọn òǹwòran kò dín, owó ẹnu ọ̀nà kò sì yí padà torí pé ẹ̀rù ń ba onílé láti fowó kún un. Àfikún ti ti ₦300,000 já bọ́ sí ₦110,000. Tó bá san ti àwọn ọmọ àti ti ìjọba tán, ₦20,000 ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé yẹn lọ́jọ́ Sátidé á ní òwò ń lọ, torí ariwo "góòlù!" kò yí padà. Ìwé yín nìkan ló lè fi hàn pé ilé náà ti ń kú lọ. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ jáwọ́ nínú kíka iye ṣọ́ọ̀bù lásán.

Ìṣirò yìí kan náà máa fi yín hàn pé ẹni tó ń rán jẹ́sì yàtọ̀ sí ẹni tó ń kó jẹ́sì tí wọ́n ti rán wá láti Èkó. Wọ́n lè ta iye kan náà. Àmọ́ ẹni tó kó o wá, èrè díẹ̀ tó lé sórí rẹ̀ nìkan ni tirẹ̀ nínú ọrọ̀ ajé Àkúrẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gé aṣọ, tí ẹ rán an, tí ẹ tẹ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn, ẹ yọ owó aṣọ, òwú, ọ̀dà ìtẹ̀wé àti iná, gbogbo ìyókù jẹ́ àfikún. Mi ò sọ pé olùtà kò dára. Mo kàn ní kí ẹ má kó ẹ̀yin àti òun pọ̀ sínú iye kan.

Ẹ ṣọ́ra fún àsìkò pẹ̀lú. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé láàrin oṣù kejì sí oṣù kẹta, nígbà tí àwọn ilé ìwé bá ń ṣe íńtà-háòsì, oorun kì í kùn yín. Bí ẹ bá mú owó oṣù kẹta, tí ẹ fi méjìlá sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ti parọ́. Fíúìn sẹ́ńtà ní tiwọn: líìgì Yúróòpù ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó ń parí ní oṣù karùn-ún, àgbàrá kò sì lè gbé ẹnikẹ́ni wá sí ẹnu ọ̀nà wọn ní oṣù kẹfà tí kò bá sí ìdíje orílẹ̀-èdè. Ẹ bèèrè oṣù tó dára jù, oṣù tó burú jù, àti oṣù tó wà láàrin.

Ó dáa. Ẹ ti mọ àfikún yín. Ṣé a lè wá sọ pé òun ni ẹ fi mú ìlú dàgbà? A ò tíì débẹ̀.

Ẹ wo ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Ní ọjọ́ Sátidé, ó ná ₦2,000 ní fíúìn sẹ́ńtà. Ká ní kò sí fíúìn sẹ́ńtà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó fi ₦2,000 yẹn jẹun lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ kan ní Arákàlẹ̀. Owó náà ti wà ní Àkúrẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ kàn gbà á lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ni. Lójú tiyín ó jẹ́ èrè, lójú ìlú kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló ba ọ̀pọ̀ ìlérí jẹ́ ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ìjọba ìlú máa ń fi owó ará ìlú kọ́ pápá ìṣeré ńlá fún ẹgbẹ́ aládàáni, wọ́n á ní ọrọ̀ ajé máa gbèrú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń tọpa rẹ̀ láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, ohun tí púpọ̀ jù lọ nínú wọn rí kò yàtọ̀ síra: owó tó ń wọlé fún ará ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ná an ló kàn yí padà.

Nítorí náà, ẹ fi òpó kan kún ìwé yín: níbo ni owó oníbàárà yìí ti wá? Kì í ṣe ibi tó ń gbé o, ibi tí owó ti wá. Ẹ mú àwọn tó ní pápá lẹ́bàá FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Ọmọ ilé ìwé tó ń san owó pápá níbẹ̀, òbí rẹ̀ lè wà ní Èkó tàbí ní Abùjá. Owó yẹn kì bá tí dé Àkúrẹ́ rárá. Lójú oníṣirò, kò yàtọ̀ sí kòkó tí a tà sókè òkun. Ẹni tó gbéra láti Ìbàdàn wá gun òkè Ìdànrè, tó ra omi, tó sanwó fún ẹni tó mú un gòkè, tó sì sùn sí òtẹ́ẹ̀lì mọ́jú, ẹ kà á. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ kà á.

Ìtàn kan wà tó máa ń dùn mí títí dòní. Ní 2012, Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́ tiwa yìí, dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn akọni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì ni wọ́n kò. Èyí tó yẹ kí wọ́n gbá nílé parí sí 3–3. Ṣùgbọ́n ibo ni "ilé"? Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá a. Òkìkí náà jẹ́ ti Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n àwọn olóúnjẹ, ọlọ́kadà, òtẹ́ẹ̀lì àti olómi tútù Ìjẹ̀bú-Òde ló rí owó. Ẹni tó bá ń wọn ọrọ̀ ajé nípa ìdùnnú ará ìlú kò ní rí ìyàtọ̀ yìí láé.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò bóyá ìdíje kan mú owó wá sí ìlú tàbí ó kàn yí i nípò, ọ̀nà kan wà tí kò ná yín ní nǹkan. Ẹ mú ṣọ́ọ̀bù mélòó kan tó wà nítòsí pápá, ẹ mú mélòó kan tó jìnnà sí i, bíi ní Ìjọkà tàbí ọ̀nà Ọ̀dà. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n tà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje, ní ọ̀sẹ̀ ìdíje, àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ti ìtòsí bá lọ sókè tí ti ọ̀nà jíjìn sì wálẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ti ìtòsí bá lọ sókè tí ti ọ̀nà jíjìn kò sì mì, ẹ ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yín fẹ́ ka Sunshine Stars mọ́ ara wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Owó ìjọba ló ń gbé ẹgbẹ́ náà ró. Nínú ìṣirò orílẹ̀-èdè, ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lè gbé, iye tí wọ́n ná lé e lórí ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tó pèsè. Ó túmọ̀ sí pé bí ìjọba bá fi owó kún ti ẹgbẹ́ náà lọ́la, ìwé á sọ pé ó ti dàgbà, kódà bí wọ́n bá fìdí rẹmi ní gbogbo ìdíje. Ẹ fi Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ wé e. Kúnlé Ṣónámẹ̀, tó wà lára àwọn tó dá iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀, ló ni ín, wọ́n sì gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní sáà 2024 sí 2025. (Bẹ́ẹ̀ ni, owó tẹ́tẹ́ wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀rọ̀ Baumol yẹn kò rọrùn tó bí mo ṣe sọ ọ́.) Èèyàn kan ló fi owó ara rẹ̀ wewu níbẹ̀. Irú ìyẹn la lè pè ní ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀.

Níbi tí owó òkèèrè wà gan-an, àwọn kóòṣì yín kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Ìlànà FIFA kan sọ pé bí ẹgbẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè kan bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún gbogbo ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ náà láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 ní ìdá 0.25, láti 16 dé 23 ní ìdá 0.5. Ká ní ọmọ kan wà lọ́dọ̀ kóòṣì kan ní Ọ̀bà-Ilé ní ọdún 14, 15, 16 àti 17, tí wọ́n wá rà á ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò ní ọjọ́ iwájú. Ìdá 1.5 ni ti kóòṣì yẹn: 150,000 yúrò. Ẹ tún un kà. Láti oṣù kọkànlá 2022 ni FIFA ti dá ilé ìṣirò kan sílẹ̀ tí owó yìí ń gbà kọjá, wọn kò fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó ra ọmọ mọ́ pé kó wá san án nígbà tó bá wù ú.

Àmọ́ tí kò bá sí orúkọ ọmọ náà nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù pé ọ̀dọ̀ kóòṣì yẹn ló wà ní ọdún wọ̀nyẹn, tí ẹgbẹ́ kóòṣì náà fúnra rẹ̀ kò sì sí lábẹ́ àjọ náà, kọ́bọ̀ kò ní kàn án. Torí náà, nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn kóòṣì, ẹ má ṣe bèèrè iye ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Ẹ bèèrè iye ọmọ tí wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìdáhùn tí ẹ máa rí á dun ẹgbẹ́ yín, á sì tún fún yín ní ohun tó dájú láti bèèrè lọ́wọ́ ìjọba: kí wọ́n ran àwọn kóòṣì lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Kò ná ìjọba tó ìdámẹ́wàá owó pápá tuntun.

Ẹ tún bi mí bóyá bí oníṣòwò ṣe ń pọ̀ náà ni ọrọ̀ ajé ṣe ń dàgbà. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń ṣe kárí ayé láti 1999, Global Entrepreneurship Monitor. Wọ́n ń wo iye èèyàn, láti ọmọ ọdún 18 sí 64, tó ń dá òwò sílẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tí òwò rẹ̀ kò tíì ju oṣù 42 lọ. Ní 2013, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló wà ní ipò yẹn. Ní Jámánì, bíi márùn-ún. Ta ló lọ́rọ̀ nínú wa? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dá òwò sílẹ̀ torí pé kò ríṣẹ́, kì í ṣe torí pé ó rí àǹfààní kan tí ẹlòmíì kò rí. Nítorí náà, ohun méjì ni kí ẹ máa wá dípò iye lásán. Ta ló mú ohun tí kò sí ní Àkúrẹ́ tẹ́lẹ̀ wá, tí àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ lé e? Ọmọkùnrin tó ń fi fóònù ya àwọn ọmọ kóòṣì nígbà tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, tó ń tò ó pọ̀, tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù, lójú tèmi ó ju jíìmù mẹ́wàá tó jọra ní òpópónà kan lọ. Ìkejì, ta ló ṣì wà? Ẹ kọ ọdún tí kálukú bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó ti ti ilẹ̀kùn pa àti ohun tó tì wọ́n. Àwọn tó ti lọ ṣe pàtàkì ju àwọn tó wà lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ tiwọn.

Lórí bóyá eré ló ń mú ìlú dàgbà tàbí ìlú tó dàgbà ló ń bí òwò eré, méjèèjì ni. Jíìmù pọ̀ ní Ìjàpọ̀ torí pé àwọn olówó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe jíìmù ló sọ wọ́n di olówó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ṣáájú, ẹ nílò àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀, àti ìlú mìíràn tí ẹ máa fi wé tiwa, bí Oǹdó tàbí Adó-Èkìtì. Ẹgbẹ́ yín kò lè ṣe ìyẹn lọ́dún yìí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tì yín láti ṣèlérí rẹ̀.

Ìdí tí ìjọba kò fi rí yín kì í ṣe ìkà dandan. Ní oṣù kẹrin 2014, nígbà tí àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè tún ìwé rẹ̀ tò, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ti ọdún 2013 fò láti nǹkan bíi ₦42 tírílíọ̀nù sí ₦80 tírílíọ̀nù. Owó àpò ẹnikẹ́ni kò yí padà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn iṣẹ́ tí wọn kò kà dáadáa tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá kà, bíi sinimá, orin àti fóònù. Nínú ìwé tuntun náà, eré ìdárayá wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà àti fàájì, kò sì sẹ́ni tó lè wo àpò yẹn kó sọ èyí tó jẹ́ ti bọ́ọ̀lù. Àyè tí ẹ fẹ́ dí nìyẹn.

Ó ku bí ẹ ṣe máa bèèrè. Tí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ní "Èló lẹ̀ ń pa lóṣù?", ẹni yẹn á rò pé agbowó orí ni yín, á sì sọ iye tó wù ú. Ẹ má bèèrè iye owó tààrà. Ẹ bèèrè iye àga, iye tí ẹnì kan ń san, bí àga ṣe ń kún tó lọ́jọ́ tí Arsenal tàbí Barcelona bá ń gbá, iye kẹ́ẹ̀gì epo tó ń lò lọ́sẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín á ṣírò ìyókù. Àwọn tó ń lo POS tàbí tí wọ́n ń gba owó sórí fóònù, bí wọ́n bá fọkàn tán yín, wọ́n lè fi àkọsílẹ̀ oṣù kan hàn yín. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Kí orúkọ ẹnikẹ́ni má sì sí lójú ìwé kan náà pẹ̀lú owó rẹ̀: ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, kí ìwé tó ní orúkọ wà lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Nípa òṣìṣẹ́, ọmọ mẹ́rin tó ń wá ní Sátidé àti Sunday nìkan kì í ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Ẹ kọ wákàtí tí kálukú ń lò lọ́sẹ̀, kí ẹ pa á pọ̀, kí ẹ fi 40 pín in. Àwọn kóòṣì tí kò gba kọ́bọ̀, ẹ kọ wákàtí tiwọn sọ́tọ̀. Kò ní wọ inú owó, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó bá ka ìwé yín rí i.

Ẹ kò nílò láti dé gbogbo ilé. Ẹ mú bí ọgbọ̀n, kí ó kárí: Ọjà Ọba, Ìsìnkàn, Òkè-Àró, Ìjàpọ̀, ẹ̀gbẹ́ FUTA, Ọ̀bà-Ilé. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ yín nìkan, torí àwọn tí ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ni òwò wọn sábà máa ń dára jù. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù wọn, torí ẹ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ọgbọ̀n kan náà lọ́dún tó ń bọ̀ ní oṣù kan náà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe mẹ́wàá, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láìsí orúkọ, kí n wò ó kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ ogún tó kù. Òpó epo ni màá kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti sábà máa ń pa epo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ mọ́ epo ọkọ̀ ara wọn.